Túbà Ńlá, Túbà Kékeré

...Èwo ni kí n mú nínú túbà méjèèjì, fèrè idẹ olóhùn ìsàlẹ̀ yìí? Ńlá yìí ni ó yẹ. Ti ìjọ wa ti bàjẹ́, ńlá ni wọ́n sì ní kí n wá yàn. Dennis tó ń tà wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Emene, ó ń tẹ fóònù. Ó ti ní kí n fara balẹ̀. Mo ti fara balẹ̀. Ìfarabalẹ̀ nìkan ló kù lára mi.

Mo fọn ńlá. Ilẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ bàtà mi. Nínú ọkẹ́sítírà ìjọ, bí fayolíìnì, gòjé òyìnbó, bá ń ké lókè, èyí ló máa gbé gbogbo wọn... Bí mo bá sì ṣì í fọn, ta ló máa mọ̀?

Ó dára. Mo mú un. Àbí—

Kékeré yìí ńkọ́? Ohùn rẹ̀ fúyẹ́. Ti ẹni tó fẹ́ dá fọn níwájú èrò ni. Èmi? Fún ta?

Oṣù mẹ́rin rèé tí a ti sin Olúwabùkọ́lá ìyàwó mi ní Amechi. N kò sunkún. Àwọn ará ìjọ ní mo ṣe ọkùnrin. N kò ṣe nǹkan kan, n kò kàn rí ẹkún náà ni. Mo ń jẹun. Mo ń wọ kẹ̀kẹ́ láti Abakpa lọ síbi iṣẹ́. Mo ń ya irun Tọ́lá, ọmọ wa... bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń ṣe é.

Ọdún mẹ́sàn-án ni ìyàwó mi fi jókòó nínú ìjọ, tó ń wá ohùn fèrè mi láàárín ti ogún ènìyàn. "Bàbá Tọ́lá," ó ní lọ́jọ́ kan tó ń fọ abọ́, "ìgbà wo ni n óò gbọ́ tiyín nìkan?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Mo—

Rárá. Ńlá náà ni.

Síbẹ̀ mo gbé kékeré lé itan. Mo fọn ohùn kan ṣoṣo, mo fẹ́ kó gùn, kó tẹ́jú... Ó ń gbọ̀n. Mo tẹ àwọn bọ́tìnnì rẹ̀ wò, wọ́n ń lọ geere. Mo nu ibi tí à ń fẹnu sí. Mo tún fọn ọ́n. Ó tún gbọ̀n.

Mo sọ fún Dennis pé túbà yìí ní àléébù. Ó gbà á, ó fọn ohùn kan náà. Ó lọ tààrà. Ó dá a padà fún mi, ó padà sẹ́nu ọ̀nà.

Mo fọn ọ́n. Ó gbọ̀n.

Kò sí ohun tó ṣe túbà... Èémí mi ni. Ó ti ń gbọ̀n tipẹ́. Ńlá ni kì í jẹ́ kí n gbọ́ ọ.