Àmì Pupa Iwájú Ṣọ́ọ̀bù Sàlámì

Ìkúùkù Sódìq ti ba Táhírù lẹ́nu kí Ràódàt, olùkọ́ wọn, tó yíjú kúrò lára ògiri. Ẹ̀jẹ̀ ta sórí ìwé. Táhírù náà gbé àga, ó là á mọ́ ọn léjìká, làwọn méjèèjì bá wọ̀yá ìjà nílẹ̀, láàárín ẹsẹ̀ àwọn ọmọ kíláàsì tó ń pariwo.

"Irọ́ ló ń pa!" Sódìq ń mí gúlegúle. "Màdáàmù, ẹ pa àmì yẹn rẹ́!"

Oṣù mẹ́ta ni Ràódàt fi ṣe àwòrán ìlú Kumasi tó ń tàn lára ògiri náà, kí ìtàn ọdún 1969 má baà jẹ́ àkọ́sórí lásán. Ọdún náà ni ìjọba ní kí àwọn àlejò tí kò níwèé kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ilé Yorùbá kọ̀ọ̀kan ní àmì róbótó tirẹ̀: àwọ̀ ewé fún ẹni tó yè, pupa fún ẹni tí wọ́n lù pa. Bí o bá fi ìka fa ọjọ́ síwájú, àwọn àmì á máa yí padà lójú rẹ, láti ọjà Kejetia títí dé àdúgbò Asawase. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbọ́rọ̀ lẹ́nu àgbà ilé rẹ̀ á fi fóònù tẹ̀ ẹ́ sí i.

Àmì àkọ́kọ́ tí Ràódàt fi síbẹ̀ ni ti bàbá bàbá rẹ̀, Sàlámì, tó ta aṣọ ní àdúgbò Dichemso àtijọ́, nígbà tí òórùn aró ṣì máa ń gba gbogbo òpópó. Àwọ̀ ewé ni. Ọlọ́run ló yọ ọ́, bí wọ́n ṣe máa ń wí nílé nìyẹn.

Láàárọ̀ yìí, Táhírù, ọmọ Dagomba láti òkè Ghana, fi àmì pupa lé e gan-an, ó sì kà á sókè: "Alhassan, aláàárù. Ọmọ Ghana. Wọ́n fi òkúta lù ú pa níwájú ṣọ́ọ̀bù Sàlámì. Sàlámì ló nawọ́ sí i pé òun ni àlejò."

Ibẹ̀ ni Sódìq, ọmọ ẹ̀gbọ́n Ràódàt, ti fò dìde.

Ràódàt já wọn gbà. "Ta ló sọ fún ọ?"

"Ìyá bàbá mi, ìyàwó Alhassan." Táhírù tutọ́ ẹ̀jẹ̀. "Oúnjẹ ló gbé lọ fún ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìṣojú rẹ̀ ni. Mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́, Màdáàmù, mi ò purọ́."

Ràódàt jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi fóònù pe ìyá bàbá rẹ̀, Ojúọlápé, opó Sàlámì, ní Asawase.

"Màmá, ta ni Alhassan?"



"Aláàárù wa ni. Ọkọ mi ò kọlà, ibí ni wọ́n bí i sí, wọn ò gbé e lọ bá olóòlà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Twi rẹ̀ sì dán. Àwọn èrò tó kó òkúta dání ń bèèrè Yorùbá tó ni ṣọ́ọ̀bù. Alhassan ru ìdì aṣọ wa, ilà Dagomba kún ojú rẹ̀. Ọkọ mi ní, òun nìyẹn."

"Màmá!"

"Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo wà. 'Maigida, Maigida,' ló ń ké pe ọ̀gá rẹ̀, títí wọ́n fi fọ́ ọ lórí. Ìdì aṣọ náà rin gbingbin fún ẹ̀jẹ̀. A jẹun nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ mi. Àjẹyó."

"Ẹ wá ní Ọlọ́run ló yọ ọ́."

"Bàbá rẹ ń bẹ nínú mi nígbà yẹn! Ká ní wọ́n pa wá, ta ni ì bá máa pè mí báyìí? Pa á rẹ́ o, Ràódàt. À ń tajà láàárín wọn."

Nígbà tó padà wọlé, ó lọ tààrà síbi ògiri. Ó fi ìka kan àmì pupa náà. Kọ̀ǹpútà bi í bóyá kí òun pa á rẹ́. Sódìq mi orí sí i pé bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹni ń ti ni láti ẹ̀yìn. Táhírù kò wo ògiri mọ́. Ó fi apá aṣọ di ẹnu.

Ràódàt fa ìka kúrò láìpa á rẹ́, ó gbé ọwọ́ lọ sórí àmì Sàlámì. Ó ṣí ibi àwọ̀. Ó wá òkè, ó wá ìsàlẹ̀. Àwọ̀ ewé wà fún ẹni tó yè, pupa wà fún ẹni tó kú, kò sí òmíràn fún ẹni tó yè nípa ikú ẹlòmíràn. Òun fúnra rẹ̀ ló sì fi wọ́n mọ sí méjì.