Bírò tí mo nà sí Merrin

Ọwọ́ mi ni bírò náà ti wá. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín nílùú wa, Port Pirie, pé ta ló ba ọ̀nà Merrin jẹ́, ẹ má lọ jìnnà, èmi Noelene ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

Merrin ni àbíkẹ́yìn ìyá wa. Ọdún mẹ́tàlá ló ti fi ń wẹ àwọn arúgbó, tó ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn wọn nílé ìtọ́jú tó wà nítòsí etíkun, ṣùgbọ́n kò láṣẹ láti fún wọn lóògùn, ká má tilẹ̀ sọ ti abẹ́rẹ́. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ fi òun àti ọmọ méjì sílẹ̀, ó ní òun yóò di nọ́ọ̀sì. Ó forúkọ sílẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì aládàáni kan tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn onítáyà. Ìjọba ló yá a lówó ilé-ẹ̀kọ́, bí wọ́n ti ń ṣe: ọjọ́ tí owó iṣẹ́ rẹ bá tó iye kan ni wọ́n á tó máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo ra aago nọ́ọ̀sì fún un, èyí tí wọ́n ń fi pín-ìn-nì kọ́ sáyà, aláwọ̀ búlúù. Mo ní kí wọ́n fín lẹ́tà M sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ọdún kìíní lọ dáadáa. Nígbà tó di ìkejì, olùkọ́ kan lọ, kò padà. Òmíràn tẹ̀lé e. Wọ́n gbé àwọn ibùsùn tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́ jáde, wọ́n ní wọ́n fẹ́ tún wọn ṣe. Fídíò ni wọ́n wá fi ń kọ́ wọn bí a ti ń fún èèyàn lábẹ́rẹ́.

Èmi, àwọn tó ń rẹ́ irun àgùntàn ni mo ń se oúnjẹ fún. Ogún ọkùnrin tí ebi ń pa. Bí o bá gba ìwọ̀sí lọ́wọ́ ẹyọ kan, gbogbo wọn á gùn ọ́ bí ẹṣin. Nítorí náà, bí mo ṣe ti oko dé lọ́jọ́ Jímọ̀ kan tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ fídíò yẹn, orí mi gbóná.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n ṣì dúró ná," Merrin ní. "Desmond tá a jọ wà ní kíláàsì ti ka ìwé tí ìjọba fún wa. Ó ní tí kọ́lẹ́ẹ̀jì bá kógbá wọlé, àwọn tó bá ṣì wà níbẹ̀ ni wọ́n máa wá àyè fún níbòmíì, wọ́n á sì pa gbèsè ohun tí wọn ò kọ́ tán rẹ́. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ ara ẹ̀ jáde ṣáájú, tiẹ̀ ti bá a nìyẹn."

"Kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń rówó ìjọba jẹ, kí ló fẹ́ pa á? Wọ́n kàn ń fi yín ṣe ọ̀dẹ̀ ni. Wọ bàtà ẹ."

Desmond yìí gan-an la bá lórí àtẹ̀gùn kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, tó ń jẹ páì ẹran. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni, iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ òjé ló dá a dúró tó fi wá kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì.

"Ìyá alásè! Kí lẹ sè wá fún wa?"

"Bọ̀dá, ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó sí kíláàsì tí ò ní olùkọ́, oúnjẹ ló kàn yín? Àbí atẹ́gùn ẹ̀rọ amúlétutù lẹ wá ń gbà níbẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ máa bú mi. Ṣùgbọ́n ìbínú ò da nǹkan kan o. Ẹ jẹ́ kó ní sùúrù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan."

"Ẹ̀yin ẹ dúró de ilé tó fẹ́ wó. Ẹ kú ìdúró o!"

Ọmọbìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà fún wa ní fọ́ọ̀mù tí ẹni tó bá fẹ́ fi kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ń fọwọ́ sí. Ó wo ilẹ̀kùn ọ̀gá rẹ̀, ó wo Merrin. "Ṣé ó dá yín lójú, mà?" Ó tún bi í lẹ́ẹ̀kejì. Mo rò pé ó ń rí wa fín ni, mo sì pariwo mọ́ ọn. Merrin ń wá bírò nínú báàgì rẹ̀, ó ń wá a pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ rí i. Mo yọ tèmi nínú irun mi, mo nà án sí i. Ó fọwọ́ sí i, ó kọ déètì.

Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn náà, àgádágodo wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ìjọba kọ lẹ́tà sí gbogbo wọn. Desmond àti àwọn yòókù bọ́ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì mìíràn láìsan kọ́bọ̀ lórí ohun tí wọn kò tíì kọ́ tán. Lẹ́tà ti Merrin ní ó ti jáde kí wọ́n tó ti ibẹ̀ pa, gbèsè rẹ̀ sì wà níbẹ̀. A kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo pariwo lórí fóònù títí obìnrin tó gbé e fi ní, "Ó dùn mí, mà, àmọ́ déètì tó wà lórí fọ́ọ̀mù la ń wò." Láti tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpilẹ̀, gbèsè tuntun lórí ti àtijọ́, pẹ̀lú ọmọ méjì! Merrin ní ó ti rẹ òun. Kò bú mi. Ì bá bú mi, ì bá sàn fún mi. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, kò béèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ mi mọ́, ì báà ṣe lórí bàtà ọmọ. Wọ́n ní àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Tèmi ti lo ọdún mẹ́rin, kò tíì lọ.

Lọ́dún yìí, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi lórúnkún. Mo lajú ní ọsibítù, ta ni mo rí? "Ìyá alásè!" Desmond ni, nínú aṣọ nọ́ọ̀sì. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó gbé aago àyà rẹ̀ sókè láti fi ka bí ọkàn mi ṣe ń lù. Ẹ̀yìn aago náà kọjú sí mi. Mo rí M.

"Níbo lẹ ti rí aago yẹn?"

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Merrin ló fún mi lọ́jọ́ tí mo parí. Ó ní kí n má jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀."

Merrin dé ní ìrọ̀lẹ́ nínú aṣọ iṣẹ́ ilé arúgbó. Mo sọ ohun tí ẹnu mi kò gbà láti sọ látọdún mẹ́rin. "Merrin, jọ̀ọ́, dárí jì mí. Èmi ni mo lé ẹ jáde níbẹ̀."

"Mo mọ̀, Ẹ̀gbọ́n."

Ó ki etí aṣọ ibùsùn mi bọ abẹ́ mátíráàsì dáadáa, bó ti ń ṣe fún àwọn arúgbó rẹ̀. Ó bi mí bóyá orúnkún ń ro mí. Mo ní ó ń ro mí gan-an. Oògùn wà lórí tábìlì tó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń wò ó láti ibi tó dúró sí. Ó wá lọ pe Desmond kó wá fún mi, torí òun kò láṣẹ.