Garawa Omi Lẹ́ẹ̀mẹsàn-án

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Caroline Adétóyè fi ṣe tíṣà ní Ọ̀fà. Nígbà tó fẹ̀yìntì, ó sọ fáwọn ọmọ rẹ̀ pé òun fẹ́ máa ṣe fíìmù. Wọ́n rẹ́rìn-ín, òun kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí àwọn eléré kan wá ya fíìmù ní àdúgbò rélùwéè, wọ́n fún un ní ipa ìyá ọkọ. Yóò ru garawa omi wọlé, yóò bá ìyàwó ọmọ rẹ̀ lórí àga, yóò sì ní, "Ṣé èmi ni kí n máa pọnmi fún ọ?"

Aago méje àárọ̀ ló débẹ̀. Aago kan ọ̀sán kọjá kí wọ́n tó pè é.

Àyànfẹ́, ìlúmọ̀ọ́ká òṣèré tó ń ṣe ìyàwó, kò mọ èsì tirẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ó gbàgbé. Lẹ́ẹ̀kejì, ó pe orúkọ ọkọ tí kò sí nínú eré. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀rín pa á. Bó bá ti ṣì í báyìí, Màmá Adétóyè á padà sẹ́yìn ilé, wọ́n á tún bu omi kún garawa, nítorí Olúṣẹ̀yẹ tó ń darí eré ní ó gbọ́dọ̀ kún dẹ́nu.

Nígbà tó fi máa di ẹlẹ́ẹ̀kẹfà, ọrùn Màmá Adétóyè ti le gbagidi, aṣọ rẹ̀ sì ti rin gbindin.

"Mummy, ẹ̀ ń yára sọ̀rọ̀ jù," ni Olúṣẹ̀yẹ wí. "Ẹ̀ ń da ọkàn Àǹtí Àyànfẹ́ rú."

"Èmi?" Màmá Adétóyè yíjú sí i. "Ṣé èmi ni mo gbàgbé ọ̀rọ̀ ni?"

"Ẹ má bínú, Mummy. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe."

Nígbà tí Àyànfẹ́ tún gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹjọ, Màmá Adétóyè sọ garawa kalẹ̀. Ó fa àga kan, ó jókòó ti ọmọbìnrin náà.

"Mú ìwé eré yẹn wá. Ka ìlà àkọ́kọ́ fún mi."

Àyànfẹ́ wo Olúṣẹ̀yẹ. Ìyẹn wo ilẹ̀. Àyànfẹ́ ṣí ìwé náà. Wọ́n kà á, wọ́n tún un kà, títí ó fi lè sọ ọ́ láìwòwé.

Ìgbà kẹsàn-án ló tó bọ́ sí i. "Àǹtí Àyànfẹ́, ẹ kú iṣẹ́! Ẹ ò lẹ́gbẹ́!" ni Olúṣẹ̀yẹ ń pariwo, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó wo ọ̀dọ̀ Màmá Adétóyè, tó ń fi etí ìró nu ọrùn.

Inú ń bí i bó ṣe ń wá kẹ̀kẹ́ lójú títì. Ọkàn kan ní kó má padà wá mọ́. Olúṣẹ̀yẹ sáré bá a.

"Mummy, aago méje lọ́la o."

"Mo gbọ́," ló fèsì, ó ti ń wọ kẹ̀kẹ́. "Sọ fún ìyàwó ọmọ mi kó kàwé rẹ̀ kó tó sùn. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, mi ò ní ru nǹkan kan."