Ẹja Tó Já Sínú Ògì Famau

Ẹja kò lẹ́sẹ̀, kò sì lè gun àkàbà, ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ní ìlú Lamu, ẹja kan já bọ́ láti òkè àjà sínú abọ́ ògì jéró tí Famau ń mu. Famau rò pé àánú Ọlọ́run ni. Ó ti la ẹnu láti dúpẹ́ kí ẹja kejì tó gbá a nímú. Lẹ́yìn náà ni àjà bẹ́, tí omi ya wọlé bí ẹni pé òkun fúnra rẹ̀ ló ń wá ibi tí yóò sùn. Àga léfòó, bàtà léfòó, ológbò bẹ́ sínú agbada, ó ń tukọ̀ lọ síbi ilẹ̀kùn.

Famau kò béèrè ibi tí ẹja náà ti wá. Inú bìríìkà ni irú wọn ń gbé, ìyẹn kòtò omi tí wọ́n fi òkúta àti ẹfun mọ sí igun balùwẹ̀, kí ẹja máa jẹ ọmọ ẹ̀fọn inú rẹ̀. Bìríìkà kan ṣoṣo ló wà lórí Famau, ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Zena, tí gbogbo ìlú ń fi ọ̀wọ̀ pè ní Bi Zena. Bàbá wọn ló pín ilé àtijọ́ náà kó tó kú: Zena gba òkè, Famau gba ìsàlẹ̀. Láti ìgbà náà, bí ológbò àti eku bá ń jà ní Lamu, wọ́n á ní, "Ẹ jẹ́ ká rọra o, ká má baà di Famau àti Zena."

Ojú Bi Zena yọ láti inú ihò àjà.

"Famau! Níbo lo gbé ẹja mi sí?"

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi," ni Famau wí, nítorí wọ́n kọ́ ọ nílé. "Ṣé orí yín ti dàrú ni? Ilẹ̀ ilé yín ló wó lé mi lórí!"

"Ilẹ̀ ilé ta ni? Ta ló wà lábẹ́ ẹ̀? Òrùlé ẹ nìyẹn!"

"Ẹsẹ̀ yín ló ń tẹ̀ ẹ́! Ilẹ̀ yín ni!"

"Orí ẹ ló ń bò! Òrùlé ẹ ni! Lọ tún un ṣe, kó o sì dá ẹja mi padà. Ẹja àgbà ni wọ́n, wọ́n mọ bàbá wa lójú."

"Mo ti mu wọ́n mọ́ ògì!"

Irọ́ ni. Ẹja méjèèjì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ìkòkò kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n igbe tí Bi Zena ké lọ́jọ́ náà, àwọn apẹja tó wà lójú òkun ká ìgbòkun, wọ́n ní ìjì ń bọ̀.

Ohun tó ń dun Famau kọjá ẹja. Yàrá tó bàjẹ́ yìí ni yàrá inú, èyí tó ti pèsè sílẹ̀ fún ìgbéyàwó Rukia, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Ọkọ ló ń kó wá sílé ìyàwó ní Lamu, kì í ṣe ìyàwó ló ń lọ. Lali atukọ̀, àfẹ́sọ́nà Rukia, ti ń múra àtikó wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá Lali gbọ́ ìròyìn, ó wá, ó ká aṣọ dúdú rẹ̀ sókè nínú ẹrẹ̀, ó wo igi tó ti jẹrà lókè, ó wo ògiri tó ti wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn.

"Bí oṣù ààwẹ̀ bá lé tí yàrá yìí ò tíì di yàrá," ló wí, "Mombasa ni Lali máa gbé ìyàwó ẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ nílé níbẹ̀, ilé gbígbẹ."

Ìyá Rukia ti kú láti ìgbà tí ọmọ ti ń rá. Òun àti Zena ló jọ tọ́ ọ, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, láìbá ara wọn sọ̀rọ̀ dáadáa lọ́jọ́ kan. Tí Rukia bá lọ Mombasa, kí ló kù nínú ilé náà? Zena!

Gbogbo ìlú ló mọ àtúnṣe rẹ̀. Kí wọ́n yọ igi tó jẹrà, kí wọ́n to bọ́ríítì tuntun, ìyẹn igi líle inú irà, kí wọ́n to òkúta lé e, kí wọ́n da ẹfun lé òkúta, kí wọ́n wá pe àwọn èèyàn láti fi ọmọlù onígi lù ú látòkè pẹ̀lú orin títí ẹfun yóò fi le bí eyín. Wàhálà ibẹ̀ ni pé yàrá Zena ni òkè náà. Ó di kí wọ́n bẹ̀ ẹ́.

"Kí n bẹ Zena?" ni Famau wí. "Màá kọ́kọ́ bẹ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ná. Òun kì í fèsì."

Ó ní òun yóò dá a ṣe látìsàlẹ̀, sìmẹ́ńtì lòun yóò fi dí i pa. Kò tíì mú ṣíbí bíríkìlà dání rí láyé rẹ̀. Ó kó iyanrìn òfẹ́ létí òkun, ó dì í ru kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ títí ẹsẹ̀ ẹran náà fi fẹ́ wọlẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ní iyọ̀ wà nínú iyanrìn òkun, wọ́n ní iyọ̀ á máa fa omi mọ́ra, wọ́n ní sìmẹ́ńtì àti ẹfun kì í gbé pọ̀.

"Iyọ̀ kẹ̀?" Famau fi wọ́n rẹ́rìn-ín. "Kí lẹ fi ń tọ́jú ẹja kó má baà bàjẹ́? Ẹ lọ jókòó!"

Ó lẹ sìmẹ́ńtì mọ́ àjà. Èyí tó lẹ̀ mọ́ àjà pọ̀, èyí tó lẹ̀ mọ́ Famau jù ú lọ. Irùngbọ̀n rẹ̀ gbẹ gan-an débi pé tó bá mi orí, abọ́ ń fọ́. Ó parí rẹ̀, ó sì fi igi gbá àjà.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ wẹ̀ o! Ẹ wẹ̀ bí àbùùbùtán! Ẹ̀kán kan ò ní kàn mí mọ́!"

Bi Zena sì wẹ̀. Ó wẹ̀ láàárọ̀, ó wẹ̀ lọ́sàn-án, ó wẹ̀ nírọ̀lẹ́, ó fọ àwọn ìkòkò tó ti mọ́, ó wẹ ewúrẹ́ aládùúgbò. Omi náà kò rọ́nà gbà, ó jókòó sáàárín òkúta àti sìmẹ́ńtì, ó ń sanra. Nísàlẹ̀, ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn iyọ̀. Famau ń fi aṣọ nù ún, ó ń sọ fún un pé kó fara balẹ̀.

Lọ́jọ́ tó ta aṣọ sára ògiri, tó kó ibùsùn ìyàwó wọlé, ibùsùn òwú lórí ibùsùn òwú, Bi Zena wà lókè lórí àga ìrin-àgbọn rẹ̀, àga kékeré tó ní irin lẹ́nu, ó ń rin àgbọn fún ìrẹsì. Àjà dún gbì. Ohun tó tẹ̀ lé e ni Bi Zena fúnra rẹ̀, tó gun àga náà bí ẹni gun ẹṣin ogun, tó sì balẹ̀ sórí ibùsùn ìyàwó, pòò! Òwú gba ojú ọ̀run kan. Ààbọ̀ àgbọn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀," ni Famau wí. "Àwọn èèyàn a máa kan ilẹ̀kùn o."

"Apààyàn! O gbẹ́ ọ̀fìn fún ẹ̀gbọ́n ẹ!"

"Ẹ̀yin lẹ wẹ ewúrẹ́!"

"Ewúrẹ́ yẹn gbọ́n jù ẹ́ lọ!"

Ẹnu ọ̀nà ni Rukia dúró sí tó ń wò wọ́n. Àpótí rẹ̀ ti wà lórí rẹ̀.

"Ẹ máa bá ìjà yín lọ," ló wí. "Mo ń lọ sọ fún Lali pé Mombasa ti yá. Òrùlé páànù ni wọ́n ní níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń gbé lórí ẹnì kan."

"Rukia, ọmọ mi…" ni Famau bẹ̀rẹ̀.

"Ọmọ ta ni?" ni Bi Zena jágbe, kó tó rántí pé àpótí náà ti ń rìn lọ. Ohùn rẹ̀ já. "Rukia, sọ ọ́ kalẹ̀. Màmá òkè ló ń bẹ̀ ọ́. Àá tún un ṣe."

"Ta ni 'àá'?"

Bi Zena wo Famau bí ẹni wo ẹja tó ti rùn. "Èmi àti… nǹkan yìí."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, pẹ̀lú ìkórìíra tó mọ́ gaara. Famau hú igi tó jẹrà, ó lọ gbé bọ́ríítì wá fúnra rẹ̀, ó tò ó. Bi Zena ń jọ ẹfun, ó sì ń rí i pé afẹ́fẹ́ ń gbé ìyẹ̀fun rẹ̀ lọ sójú àbúrò òun. Wọ́n to òkúta, wọ́n da ẹfun. Ó wá ku lílù. Wọ́n ránṣẹ́ sí àdúgbò, ẹnikẹ́ni ò yọjú. Ta ló fẹ́ dúró sáàárín àwọn méjèèjì nígbà tí igi wà lọ́wọ́ wọn?

Ẹfun kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí wọn ò bá lù ú ní ìlù kan náà, yóò sán. Orin ló sì ń mú ọwọ́ ṣọ̀kan. Famau dá orin, Zena ní òun ò gbè é. Zena dá tirẹ̀, Famau kẹ̀yìn sí i. Ẹfun ti ń gbẹ. Inú wá bí Bi Zena, ó gbé ọmọlù sókè:

"Ẹni tó fi iyọ̀ mọlé,
ṣé ọbẹ̀ lo fẹ́ sè ni?"

Gbì, gbì! Famau fèsì kí ọmọlù tó dìde:

"Ẹni tó já látòkè tí ò jáwọ́ lágbọn,
ọ̀kánjúwà yín mà le!"

Gbì, gbì!

"Irùngbọ̀n bí ògiri mọ́sálásí,
òun ló ń lé obìnrin sá fún ẹ!"

"Ẹnu bíi bìríìkà tó ya,
kì í kún, kì í gbẹ, kì í dákẹ́!"

Gbì, gbì, gbì! Ọwọ́ wọn bára mu bí ẹsẹ̀ ọmọ ogun. Láti ọdún tí wọ́n ti ń bú ara wọn, wọ́n ti mọ ibi tí èémí ẹnì kejì ń pin sí. Àwọn aládùúgbò yọ orí láti òrùlé gbogbo. Ẹni tí kò gbọ́ dáadáa fò sí òrùlé kejì, ẹni tó ń rẹ́rìn-ín jù fẹ́ ṣubú, títí wọ́n fi kún àtẹ̀gùn Bi Zena fọ́fọ́.

"Èébú mi kì í ṣe òfẹ́!" ni Bi Zena ké. "Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, kó mú igi!"

Wọ́n mú igi. Gbogbo àdúgbò ń gbe èébú bí ẹni gbe orin ìyìn, ìdajì lẹ́yìn Zena, ìdajì lẹ́yìn Famau, wọ́n ń lù títí ẹfun fi le, tí ó ń dán, tí eṣinṣin tó bá bà lé e ń yọ̀.

Lọ́jọ́ tí bìríìkà tuntun tí wọ́n mọ sókè gbẹ, Famau gbé ìkòkò kan gòkè, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Ẹ gba ẹja yín. Oúnjẹ wọn ti pọ̀ jù."

Bi Zena wo inú ìkòkò pẹ́. "O ti jẹ́ kí wọ́n rù," ló wí.

Kí oṣù ààwẹ̀ tó lé, Lali kó wá. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó, haluwa, àdídùn ìgbéyàwó, kún ẹnu àwọn ọ̀tá méjèèjì, wọ́n fi sinmi díẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ọkọ àti ìyàwó tó dìde, Famau ṣílẹ̀kùn yàrá inú, ó wọlé pẹ̀lú abọ́ ògì. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó lọ dúró síbi tí ẹja àkọ́kọ́ já sí gan-an, ó gbójú sókè. Lókè, Bi Zena gbé odindi garawa, ó dà á sílẹ̀, wàà! Famau na abọ́. Ó ti to èébú sí ẹnu de ẹ̀kán àkọ́kọ́, irú èyí tí wọn ò tíì bú rí láti Lamu dé Mẹ́kà. Ó dúró títí ògì fi tutù. Kò sí ẹ̀kán.

Ó fi igi gbá àjà. "Ẹ tún un dà! Ẹ ò mọ omi-í dà!"

"Wá pọn òmíràn fún mi, ọ̀lẹ!"

Lali fa aṣọ dé àgbọ̀n. "Rukia," ló rọra wí, "ilé tó wà ní Mombasa yẹn…"

"Sùn," ni Rukia wí. "Wọn ò tíì dá orin."