Ọjọ́ Tí Mo Fa Máàkì Ilé-Ìwé Wa Lulẹ̀

Ọlọ́run dá mi ní kúkúrú, ó wá fi ìtìjú ṣe èènì fún mi. Bí mo bá dúró láàárín àwọn ọmọ pírámárì kẹfà, àfi kí èèyàn fara balẹ̀ kó tó mọ èwo ni tíṣà. Bàbá mi, télọ̀ tó ń rán yunifọ́ọ̀mù wọn, ló kọ́ mi nílé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Mi ò jókòó sí kíláàsì rí títí wọ́n fi gbà mí láti wá kọ́ni níbẹ̀. Aṣọ mi pàápàá, nínú àgékù aṣọ yunifọ́ọ̀mù ni wọ́n ti yọ ọ́.

Ilé-ìwé ìjọba wa kéré; kíláàsì méjì ló wà nínú yàrá kan, wọ́n kọ ẹ̀yìn síra wọn. Ọkùnrin ló pọ̀ jù, torí àwọn òbí tètè máa ń fa ọmọbìnrin lọ sídìí iṣẹ́. Lọ́dún yẹn, àwọn aláṣẹ ní bí ìpíndọ́gba máàkì pírámárì kẹfà ò bá pé àádọ́ta, àwọn á ti ilé-ìwé náà pa, kí àwọn ọmọ máa rìn lọ sí òdìkejì odò. Ọ̀gá wa, ìyá àgbàlagbà tó darúgbó sẹ́nu iṣẹ́ náà, ò gbádùn oorun mọ́.

Ni alábòójútó ìdánwò tí àwọn aláṣẹ rán bá dé. Wọ́n ní kí ọ̀gá dúró síta títí ìdánwò ìṣirò á fi parí. Mo ń pín bébà lọ́wọ́ nígbà tí bàbá náà wo kíláàsì, wọ́n mirí.

"Àwọn ọmọbìnrin yìí mà kéré níye o! Ìwọ ńkọ́, kí lò ń rìn kiri fún? Jókòó, jàre."

Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Nílé wa, bí àgbà bá ní jókòó, ìdí á ti kan àga kí etí tó gbọ́ tán. Mo jókòó. Ọmọbìnrin tá à ń pè ní Lọ́yà, nítorí ẹnu rẹ̀, sún fún mi.

"Ántí, ẹ sọ fún wọn!"

"Dákẹ́, wọ́n á gbọ́."

"Ṣebí kí wọ́n gbọ́ náà la ń wí?"

Mo ní kò burú, ṣebí tíṣà ìṣirò ni mí, máàkì mi á gbé wọn sókè. Èrò ọ̀dẹ̀! Bàbá mi kì í jẹ́ kí n kúrò nídìí ìṣirò kan láìyẹ̀ ẹ́ wò níwá lẹ́yìn, bí ẹni yẹ ojú rírán wò. Ẹ̀kọ́ wa ò mọ agogo. Nígbà tí alábòójútó ní, "Ẹ gbé bírò sílẹ̀!", ìbéèrè kẹta ni mo ṣì ń fi rúlà fa ìlà sí nídìí. Ogún ni gbogbo wọn.

Wọ́n máàkì tán, wọ́n pe ọ̀gá wọlé.

"Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́. Díẹ̀ ló kù kó pé àádọ́ta. Ọmọ kan ṣoṣo ló fà yín lulẹ̀."

Ọ̀gá ò sunkún. Ṣe ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ṣọ́ọ̀kì jọ, bí ẹni ń palẹ̀ ẹrù mọ́.

Ìyẹn ló là mí lóhùn. Mo dìde. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi lọmọ yẹn. Àmọ́ mi ò kí ń ṣọmọ. Tíṣà ni mí."

Alábòójútó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ìrìn náà ò kúkú jìn.

"Tíṣà kí ni?"

Ohùn mi tún sá wọlé. Gbogbo kíláàsì bá mi dáhùn: "Ìṣirò!"

Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n yọ bébà mi kúrò, wọ́n tún ìpíndọ́gba ṣírò: ó lé ní àádọ́ta. Ọ̀gá fi ọwọ́ kan gbá mi mọ́ra, wọ́n fi èkejì fà mí létí.