Ọ̀rá Wàrà Abẹ́ Aṣọ Iṣẹ́

Láti àárọ̀ ni ara Wekulo kò ti balẹ̀. Ó ń yẹ okùn ìbomú rẹ̀ wò lemọ́lemọ́, bẹ́ẹ̀ ìbomú ọ̀hún ti gbó kọjá yíyẹ̀wò. Obìnrin kan láti ilé iṣẹ́ ìjọba ń bọ̀ wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ ní oko òdòdó náà, Kiprono, ọ̀gá àwọn tó ń fín oògùn apakòkòrò, sì ti kìlọ̀.

“Bó bá bi yín, gbogbo nǹkan ń lọ geere. Ẹni tó bá la ẹnu rẹ̀ jù, kó máa dirù padà sílé ní Bungoma.”

Wekulo kò nílò ìkìlọ̀. Wàrà ló ń bà á lẹ́rù, kì í ṣe Kiprono. Bí wọ́n bá ti fín oògùn sí òdòdó tán nínú ilé ọ̀rá tí wọ́n gbìn wọ́n sí, oko a fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rá wàrà kan, pé kó fi fọ májèlé kúrò nínú ara. Ojú Kiprono ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ mu ún. Olè ni wọ́n ń pe ẹni tó bá gbé e lọ sílé, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n Wekulo gbọ́n. Ọ̀rá òfìfo àná ló máa ń gbé sẹ́nu, á máa fà á bí ẹni tí òǹgbẹ fẹ́ pa, nígbà tí èyí tó kún ti wọ abẹ́ aṣọ iṣẹ́, tó lẹ̀ mọ́ ọn láyà.

Nekesa, ọmọ ọmọ rẹ̀, ló ni wàrà náà. Nanjala ìyá ọmọ ti lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílẹ̀ àwọn Lárúbáwá, ọmú sì bá a lọ. Bí Wekulo bá ti dé, Nekesa á rákò pàdé rẹ̀, á ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ láyà, á yọ ọ̀rá náà, á sì fi eyín rẹ̀ kéékèèké gé etí ọ̀rá fúnra rẹ̀. Kò sí ohun tó dùn mọ́ Wekulo nínú tó bẹ́ẹ̀ láyé.

Àmọ́ láìpẹ́ yìí, ara ọmọ náà kò yá. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ó ń làágùn nínú òtútù, ó ń bì, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, kò sùn, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn. Namalwa, ìyàwó Wekulo, ní eyín ló ń hù. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n gbé e lọ bá náà ní eyín ni. Eyín! Bí eyín bá ń ṣe ọmọ báyìí, ta ni ìbá dàgbà jẹ ẹran nínú wa?

“Baba Nanjala, ẹ ṣáà máa gbé wàrà wá,” Namalwa ń sọ. “Òun nìkan ló ṣì ń gbà.”

Mwikali lorúkọ obìnrin ìjọba náà. Ó dúró títí wọ́n fi fín oògùn tán, tí wọ́n pín wàrà.

“Baba, kí ni wàrà yìí wà fún?” ó bi Wekulo.

“Ó ń fọ májèlé ni, Màdáámù.”

“Kò fọ nǹkan kan. Ìbomú gidi, ọṣẹ, omi tí ẹ ó fi wẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ sílé, ohun tí mo fẹ́ rí nìyẹn. Màá ní kí wọ́n dá wàrà yìí dúró. Wọ́n fi ń tàn yín jẹ ni.”

Orí Wekulo gbóná. Wọ́n fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ rẹ̀ lójú rẹ̀!

“Ta ló bẹ̀ yín níṣẹ́? Ṣé wàrà ti pọ̀ jù nílùú yín ní Machakos lẹ ṣe fẹ́ gba tiwa? Ẹ wò mí dáadáa, ṣé mo jọ aláìsàn? Wàrà ló mú mi dúró!”

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mwikali náà rẹ́rìn-ín, ó wá tẹjú mọ́ ibi tí aṣọ Wekulo ti wú.

“Èyí tó mú yín dúró ọ̀hún, Baba, kò tíì kọjá àyà yín.”

Ó sún mọ́ ọn.

“Oògùn ti rin aṣọ yín gbingbin. Ohun tó bá ti kàn án, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé e sẹ́nu. Ẹni tó bá ń mu èyí, itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, á máa làágùn, á máa bì, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n.”

Wekulo fọwọ́ bo àyà rẹ̀. “Àgbàlagbà nìyẹn. Bó bá ṣe ọmọdé ńkọ́?”

“Ó lè pa ọmọdé. Ọmọdé wo, Baba?”

Kiprono ń fi ojú bá a sọ̀rọ̀: pa ẹnu mọ́. Wekulo rí i. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ ti lọ.

“Ọmọ ọmọ mi ni,” ó ní. “Ojoojúmọ́ ni mo ń gbé e lọ fún un.”

Mọ́tò Mwikali gbé e délé. Ẹ̀yìn ọkọ̀ tí kò lórùlé ló jókòó sí, wọn ò jẹ́ kó wọ iwájú nítorí oògùn tó wà láṣọ rẹ̀. Nekesa wà lẹ́nu ọ̀nà. Bó ti ń gbọ̀n náà, ó rákò bọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti nà sí àyà bàbá àgbà.

Wekulo fà sẹ́yìn. “Má fọwọ́ kàn mí!”

“Baba Nanjala! Ọmọ ń bọ̀ wá bá yín, ẹ ń sá? Wàrà ńkọ́?”

“Gbé e! Mo ní gbé e kúrò lọ́dọ̀ mi!”

Namalwa gbé ọmọ wọ mọ́tò, ó kọrí sí ọsíbítù. Igbe Nekesa ni Wekulo ń gbọ́ lọ. Ó bọ́ra síhòòhò nídìí ẹ̀rọ omi, lójú gbogbo àdúgbò, ó ń fi ọṣẹ ha ara rẹ̀. Àwọn obìnrin bojú, kò rí wọn.

Dókítà ní díẹ̀ ló kù kí ọmọ náà kú. Nígbà tí Nekesa fi máa padà wálé, ìbomú tuntun ti dé oko, ẹlòmíràn ló sì ń lo èyí tó yẹ kó jẹ́ ti Wekulo. Wekulo jókòó síta nínú síńgílẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n ti gbé ọmọ náà sílẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló rákò lọ tààrà. Ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ láyà, ó wá a sọ́tùn-ún, ó wá a sósì, ó gbójú sókè wò ó. Wekulo gbá a mọ́ra, omi ń dà lójú rẹ̀, ọmọ náà ṣì ń wá wàrà.