Fáànù Mọ́kàndínlógún

Fáànù méjì ni Edith gbé kalẹ̀ fún Àkíbù lọ́jọ́ tó lọ ra ti àna rẹ̀. Nojeem, ọkọ ọmọ rẹ̀, ló ń fi ọkọ̀ ojú omi pẹja, tó sì ń fi í kó èrò, ní òdìkejì adágún tí wọ́n sé lọ́nà Ifẹ̀. Fáànù ẹ́ńjìnì rẹ̀, èyí tó ń yí nínú omi tó fi ń ti ọkọ̀ lọ, ti kán, ó wá bẹ bàbá ìyàwó rẹ̀ pé kó bá òun ra òmíràn nígboro. Méjèèjì jọra lójú Àkíbù, àfi nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí wọn lára: mẹ́tàlá lára ọ̀kan, mọ́kàndínlógún lára èkejì. Iye kan náà ni wọ́n ń tà wọ́n.

"Bàbá, kí ni wọ́n ń fi ọkọ̀ ọ̀hún ṣe, ẹrù ni àbí eré?" ni Edith bi í nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Òkè Bọ́lá. "Nọ́ńbà yìí ni ìṣísẹ̀ tí fáànù máa gbé bó bá yí lẹ́ẹ̀kan. Mọ́kàndínlógún a máa sáré bí ọkọ̀ bá fúyẹ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kó èrò sí i, ẹ́ńjìnì ò ní lè gbé ìṣísẹ̀ yẹn. Àfi bí ọkọ̀ akẹ́rù tó fẹ́ fi jíà kẹrin gun òkè Mápó. Mẹ́tàlá ni kẹ́ ẹ mú."

Ṣé Àkíbù gbọ́? Etí ló fi gbọ́, kò dénú. Kí òun àgbà fún àna lóhun tó kéré? Kí àwọn ará ilé Nojeem máa yọ ṣùtì sí Zulaihat, pé ibi tí agbára bàbá rẹ̀ mọ nìyẹn? Ó mú mọ́kàndínlógún. Nojeem dá nìkan gbé ọkọ̀ lọ dẹ àwọ̀n, ó sì pè é pé, "Bàbá, ọkọ̀ mi ń fò." Orí Àkíbù wú. Kò sẹ́ni tí wọ́n jọ ń yọ́ irin fi rọ ìkòkò ní Bẹyẹrúnkà tí kò rò fún.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìyẹn. Òjò wá dé, adágún kún dẹ́múdẹ́mú, oṣù Zulaihat sì pé. Sìdí ìyá rẹ̀ ti palẹ̀ mọ́ lọ bá a níbẹ̀, kó lè bá a wẹ ọmọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Nojeem pè. "Bàbá, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára Zulaihat, ọmọ ò sì tíì wá. A fẹ́ gbé e sọdá lọ sọ́sibítù. Ìyá wọn wà nínú ọkọ̀, ìyá tèmi náà wà ńbẹ̀, pẹ̀lú obìnrin méjì tó dì í mú. Ẹ́ńjìnì kàn ń kérora ni, ọkọ̀ ò lọ, omi ń rọ́ wọlé látẹ̀yìn. Mo ti darí padà sétí omi. Kò sí ọkọ̀ mìíràn níbí."

Àkíbù ò ráyè bọ́ aṣọ iṣẹ́. Ọ̀kadà ló gùn dé Òkè Bọ́lá, ó já mẹ́tàlá gbà lọ́wọ́ Edith, ó ní kí ọlọ́kadà kọrí sọ́nà Ifẹ̀. Lórí òkè Mápó, ọ̀kadà bẹ̀rẹ̀ sí í kérora lábẹ́ wọn. Ọlọ́kadà já jíà sí kìíní, ó sì ń gùn ún wẹ́rẹ́. Ibẹ̀ lojú Àkíbù ti là. Fáànù tó yẹ wà láyà òun, ọkọ̀ wà lódìkejì omi. Kí lòun fẹ́ fi ṣe? Fáànù ò ṣeé pààrọ̀ lórí fóònù. Èrò nìkan ló ṣeé dín kù.

Ó tẹ Nojeem láago lórí ìrìn. "Kí gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀. Ìwọ àti Zulaihat nìkan."

Sìdí ló gba fóònù. "Bàbá Zulaihat, àwọn yòókù á sọ̀. Èmi ńkọ́? Itan mi ló gbórí lé. Ta ló máa dì í mú?"

"Ìyá Zulaihat, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, sọ̀ kalẹ̀. Bó o bá wà ńbẹ̀, ọkọ̀ ò ní lọ."

Àkíbù gbọ́ tí Zulaihat ń pe ìyá rẹ̀, ó gbọ́ tí ẹnì kan sọ̀ kalẹ̀ sínú omi, lẹ́yìn náà ẹ́ńjìnì mú ohùn, ó ń ké geere. Ìpè já.

Nígbà tó dé etí omi, ó rí wọn lọ́ọ̀ọ́kán. Ọkọ̀ ọ̀hún ń fò lóòótọ́, bí Nojeem ṣe wí. Àkíbù gbá fáànù mọ́ra, ó ń pe Allah, ìrètí sì gbà á lọ́kàn débi pé ó ti ń ṣẹ́wọ́ sí awakọ̀ takisí kan pé kó ṣílẹ̀kùn sílẹ̀.

Ọkọ̀ gúnlẹ̀. Nojeem ò dìde.

"Àárín omi ló ti dákẹ́," ni ó wí. "Ó ń béèrè ìyá wọn. Ọwọ́ kan ni mo fi dì í mú, Bàbá. Ọwọ́ kejì wà lára ẹ́ńjìnì."

Àkíbù wọ inú omi lọ, ó gbé ọwọ́ lé ọmọ rẹ̀ láyà. Kò mí. Ó pe orúkọ rẹ̀, ó tún un pè, ó sì dúró síbẹ̀ nínú omi. Fóònù rẹ̀ dún. Sìdí ni.

"Ṣé wọ́n ti dé?"

"Wọ́n ti dé."

"Alhamdulillah. Etí omi ni gbogbo wa dúró sí tí à ń wò wọ́n lọ. Bàbá Zulaihat, fáànù yín yẹn mà ń sáré o. Ìyá Nojeem ní kí n bá àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ yín."

Àkíbù ò gbé fóònù kúrò létí.